Echeveria: Òdòdó Tó Pa Orúkọ Ayàwòrán Mọ́

Lójú fèrèsé ọ̀pọ̀ ilé lágbàáyé lónìí ni a ti ń rí Echeveria nínú ìkòkò kékeré. Ewé rẹ̀ nípọn, ó kún fún omi, ó sì tò yí ara rẹ̀ ká bí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mọ̀lẹ́bí ọ̀dúndún àti àbámọdá ni. Bí ewé àbámọdá ṣe ń ta gbòǹgbò bó bá bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀. Orí òkè àti pàlàpálá àpáta ní Mẹ́síkò ni púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ìdí nìyí tó fi fẹ́ràn oòrùn àti iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn, tí omi àpọ̀jù sì máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà.

Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn ni òdòdó yìí ń jẹ́.

Ní 1787, ìjọba Spéìn, tó ń ṣàkóso Mẹ́síkò nígbà náà, gbé ikọ̀ kan dìde láti ṣàkọsílẹ̀ ewéko àti ẹranko ibẹ̀. Martín Sessé ni olórí wọn. José Mariano Mociño, ọmọ Mẹ́síkò, dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Atanasio Echeverría, ọ̀dọ́ ayàwòrán ará Mẹ́síkò, wà lára àwọn tó ń ya ohun tí wọ́n rí.

Iṣẹ́ parí ní 1803, ṣùgbọ́n ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Sessé kú ní 1808. Nígbà tí ogun lé Mociño kúrò ní Spéìn, ó gbé àwọn àwòrán náà lọ sí Faransé, ó sì fi wọ́n lé onímọ̀ ewéko Augustin Pyramus de Candolle lọ́wọ́. Ní 1817, ó béèrè wọn padà. De Candolle, tó ti wà ní Geneva, ké sí àwọn ará ìlú. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó jókòó ti iṣẹ́ náà, wọ́n sì da ọ̀pọ̀ àwòrán náà kọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Mociño kú láìpẹ́ sí i, ojúlówó àwòrán náà sì di àwátì. Ní 1828, De Candolle fi orúkọ Echeverría sọ òdòdó náà. Ìgbà tó di 1981 ni ilé ìwádìí Hunt ní Pittsburgh, Amẹ́ríkà, tó ra nǹkan bí 2,000 nínú ojúlówó náà lọ́wọ́ ìdílé kan ní Barcelona.

Lónìí, ẹ̀dà wà ní Geneva, ojúlówó wà ní Pittsburgh. Kì í ṣe Mẹ́síkò, tó ni ewé, tó sì bí ayàwòrán, ni àkójọ méjèèjì yìí wà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ kò dára. Àwọn tó bẹ iṣẹ́ ni kò tọ́jú rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò bá pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, ọ̀nà jíjìn ni yóò ti lọ ka ìtàn ara rẹ̀.