Bí ìwé orúkọ ṣe mọ̀nà dé abúlé

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ìtàn wà ńlẹ̀. Orúkọ abúlé wà nínú dátábéésì ìjọba. Àwòrán ilẹ̀ abúlé kan náà wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àwọn méjèèjì ò mọra. Ta ló mú wọn mọra? 🧵

2/ Lọ́dún 1970, Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ká to dátà sínú àtẹ, ká sì fi ohun tó pa àwọn àtẹ pọ̀ so wọ́n mọ́ra. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orúkọ àti nọ́ńbà ni àtẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá bi í pé "abúlé wo ló sún mọ́ odò yìí?", kẹ́kẹ́ pa ni.

3/ Lọ́dún 1986, Michael Stonebraker àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Berkeley bẹ̀rẹ̀ POSTGRES. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹ lè kọ́ ọ ní irú dátà tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Refractions Research, ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, gbà wọlé lọ́dún 2001 tí wọ́n fi gbé PostGIS jáde. Bí odò, ọ̀nà àti ààlà ilẹ̀ ṣe wọnú àtẹ nìyẹn o.

4/ Ó ku wàhálà kan. Ẹlòmíì ló ni máàpù, ẹ̀dà lẹ̀yin ń ṣe. Onímáàpù á tún tiẹ̀ ṣe, tiyín á sì máa gbó lọ. Lọ́dún 2011, PostgreSQL 9.1 mú àtẹ àlejò dé: ẹ bi í ní ìbéèrè níbí, á lọ ka ìdáhùn níbi tí dátà ń gbé. Paul Ramsey wá kọ ogr_fdw, tó gùn lé GDAL tí Frank Warmerdam bẹ̀rẹ̀. GDAL yìí gbọ́ èdè fáìlì máàpù lóríṣiríṣi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àbí?

5/ Kí ló wá kan ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Ní àríwá Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ń lé àrùn rọpárọsẹ̀, ìwé orúkọ abúlé àti máàpù tí wọ́n fọwọ́ yà làwọn tó ń kán àjẹsára sọ́mọ lẹ́nu ń tẹ̀ lé. Ìgbà tí wọ́n gbé àwòrán sátẹ́láìtì tì í, àwọn ibùdó kan yọjú tí kò sí nínú ìwé wọn. Bí orúkọ ò bá sí nínú ìwé, ta ló máa kanlẹ̀kùn?

6/ Máàpù nìkan kọ́ ló lé àrùn náà o. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé ló ṣe é, máàpù kàn fi ibi tó kù hàn wọ́n ni. Ní 25 August 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà ti àjọ WHO.

7/ Èrò tèmi rèé: àtẹ tó bá dá nìkan wà, lójú ara ẹ̀, ó ti pé. Ìta ni ẹ̀rí pé nǹkan kù ti máa ń wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ dátà, ẹ yẹ tiyín wò: ta ni ò sí níbẹ̀? Ẹ bá mi pín in.