Ọkọ̀ Àkọ́kọ́: Ìrántí Àwọn Ọlọ́kọ̀ Gẹ́gẹ́ bí Ohun Èlò Ìtàn ní Ìlọrin

1. Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ìtàn níní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìlú Ìlọrin, pàápàá jù lọ ohun tí àwọn tí ó ti ní ọkọ̀ máa ń rántí nípa èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ní. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ìfàájì lásán. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì bá jókòó sí, bí ẹnì kan bá ti dárúkọ ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, kì í pẹ́ tí àwọn yòókù fi ń dárúkọ tiwọn: irú èyí tí ó jẹ́, àwọ̀ rẹ̀, nọ́ḿbà rẹ̀, ọdún tí wọ́n rà á, àti ẹni tí wọ́n tà á fún. Èrò wa ni pé irú ìrántí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun èlò tí òpìtàn lè lò, bí ó bá mọ bí a ṣe ń dán an wò. Ohun tí ó sì ń fi hàn jù lọ ni pé owó oṣù ìjọba ni ó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Ìlọrin, àti pé nígbà tí agbára owó oṣù náà yẹ̀, ìtumọ̀ níní ọkọ̀ yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

2. Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó di ti ará ìlú

Ọkọ̀ ojú irin ni ó ṣáájú. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908, kí ó tó dé Jẹ́bà ní 1909. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni ìjọba amúnisìn la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ní Èkó, William Akinola Dawodu ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ó sì ń kó wọn wọlé láti òkè òkun tà, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì jẹ́ ohun ìwòran fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kọ́kọ́ wọ ọwọ́ àwọn ènìyàn wa, kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ débi pé ní àwọn ọdún 1930 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin dí i lọ́wọ́, kí ó má baà gba ẹrù mọ́ ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́. Oníṣòwò tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń san apá kan owó rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ó ń tà á, yóò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ nínú èrè. Nípa bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà ni ó ń san gbèsè ara rẹ̀.

Èdè wa tọ́ka sí ohun pàtàkì kan níhìn-ín. Nígbà tí èrò bá pe ẹnì kan ní ‘ọlọ́kọ̀’ tàbí ‘onímọ́tò’, awakọ̀ ni ó sábà máa ń bá wí, bí kò tilẹ̀ ní táyà kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó ni ín gan-an ni à ń pè ní ‘olówó ọkọ̀’. Òpìtàn tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ka ìrántí awakọ̀ sí ìrántí ẹni tí ó ra ọkọ̀.

3. Owó oṣù àti ẹ̀yáwó ọkọ̀

Ọ̀nà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbà wọ ilé ará ìlú yàtọ̀ sí èyí. Ìjọba amúnisìn ti ń yá àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga lówó láti fi ra ọkọ̀ tí wọn yóò máa fi ṣe iṣẹ́, a ó sì máa yọ owó náà nínú owó oṣù wọn. Òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ìgbìmọ̀ Hugh Foot ti ọdún 1948, tí ó dábàá pé kí a máa fi ọmọ Nàìjíríà sí ipò gíga, ẹni tí ó bá gba ipò náà gba ẹ̀tọ́ sí ẹ̀yáwó ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Kàdúná ni olú ìlú Àríwá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ipò gíga wà. Dídá tí a dá ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Kwárà sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni ó gbé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wá sí Ìlọrin. Akọ̀wé àgbà, olùkọ́ àgbà àti dókítà wá di ẹni tí ó lè ra ọkọ̀ láìṣòwò. Volkswagen tí à ń pè ní ‘Ìjàpá’, èyí tí ilé iṣẹ́ Mandilas ń tà, àti Peugeot tí SCOA ń tà, wà lára àwọn tí a ń dárúkọ jù.

Ọdún 1975 ni òkè ìtàn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ gba owó Udoji, tí ó jẹ́ àfikún owó oṣù pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìjọba àpapọ̀ ní ìpín nínú méjèèjì. Ọdún yìí kan náà ni a dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Owó, ọkọ̀ àti ipò tí ó lè so méjèèjì pọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

4. Bí a ṣe lè dán ìrántí wò

Kò sí ìrántí tí kò lè yẹ̀. Àǹfààní ti ọkọ̀ ni pé ohun tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀. Bí ẹnì kan bá wí pé Peugeot 504 ni òun ń wà ní ọdún 1966, bóyá ọdún ni ó ṣì tàbí irú ọkọ̀, nítorí pé ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Nítorí náà, ẹni tí ó rántí pé apá ọ̀tún ni ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ òun wà ń fún wa ní ẹ̀rí nípa ọjọ́ orí ọkọ̀ náà. Kò tíì sọ ọjọ́ tí òun rà á, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún 1972.

Ìlọrin tún ní ìdíwọ̀n tirẹ̀. Ìlú Mùsùlùmí ni. Àdúrà àáfà àti sàárà ni ọ̀pọ̀ fi ń gba ọkọ̀ tuntun, Iléyá ni wọ́n sì fi ń ka ọdún. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀ lé, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 1975 ó bọ́ sí oṣù Kejìlá. Ní 1985 ó bọ́ sí oṣù Kẹjọ. Bí ẹnì kan bá wí pé ọyẹ́ ń fẹ́ ní Iléyá tí òun kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sí yídì, a ti mọ apá ibi tí ó yẹ kí a wá ọdún náà sí.

Ìbéèrè tí ó le jù ni ìtumọ̀ ‘àkọ́kọ́’. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ wà, tàbí èyí tí a kọ́kọ́ rà, tàbí èyí tí a kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀ tán. Àwọn kan tún wà tí irú ìtàn yìí kì í ká: òṣìṣẹ́ kékeré tí ipò rẹ̀ kò tó ẹ̀yáwó, àti obìnrin tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ni ó ń pè ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ ilé. Ìdákẹ́jẹ́ wọn jẹ́ ẹ̀rí pẹ̀lú, nítorí pé ipò iṣẹ́ ni ẹ̀yáwó ń tẹ̀ lé.

5. Tòkunbọ̀

Ní ọdún 1982 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dín ọjà òkèèrè kù. Ní 1985, náírà kan ṣì níye ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, náírà jábọ́. Nígbà tí yóò fi di 1990, nǹkan bíi náírà mẹ́jọ ni dọ́là kan. Owó oṣù kò bá a rìn. Ọkọ̀ tí a ti lò rí ní ilẹ̀ Yúróòpù wá ń gba Kútọnu wọlé, a sì fún un ní orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun: Tòkunbọ̀.

Níhìn-ín ni ètò ìrántí yí padà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ tuntun ní 1975 lè rí i pé àlòkù ni ìkẹta, bí ipò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tilẹ̀ ti ga sí i. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi ń sọ ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ayọ̀, tí wọ́n sì ń yára kọjá lórí àwọn yòókù. Bí òpìtàn bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ nìkan, ìdajì ìtàn ni ó gbọ́.

6. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Ìlọrin jẹ́ ìtàn àjọṣe òṣìṣẹ́ àti ìjọba: ìjọba yá a lówó, ó san án padà, owó náà sì sọ agbára rẹ̀ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní 1975 ti di àgbàlagbà pátápátá báyìí. Ìwé láísẹ́ǹsì, ìwé ẹ̀yáwó àti fọ́tò tí ó yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú àpótí ilé, níbi tí ikán àti ìkólọ ilé ti lè run wọ́n. Ó yẹ kí ẹ̀ka wa máa béèrè wọn nígbà tí ẹni tí ó lè ṣàlàyé wọn ṣì wà láàyè, kí a sì máa béèrè ìtàn gbogbo ọkọ̀ tí ó ní, láti orí èyí tí ó kọ́kọ́ rà títí dé orí èyí tí ó tà kẹ́yìn.