Ẹran ni À Ń Gbé Kọ́ Èjìká: Ìran Ìgbénilọ Obìnrin Akin lórí Ìtàgé àti nínú Fíìmù

Nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, Aláàfin Májọ̀tú pè wọ́n wá wo eré àwọn eléégún. Àkọsílẹ̀ tí Clapperton ṣe nípa eré náà ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń wá ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ nípa tíátà Yorùbá. Ìran mẹ́ta ni ó rí: ti àwọn tí wọ́n wọ àpò, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń takìtì, ti òjòlá ńlá tí ó jáde láti inú àpò, àti ti òyìnbó funfun. Ìran kẹta ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gbájú mọ́, bóyá nítorí pé ẹ̀fẹ̀ tí a fi òyìnbó ṣe dùn ún kà. Ìparí ìran kejì ni ó kan iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin kan fi idà ṣá òjòlá náà ní ìrù. Bí ó ti ń jà pẹ̀lú ikú, tí ó sì ń yanu láti bu ènìyàn jẹ, àwọn eléégún gbé e lé èjìká, wọ́n sì gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Nínú ẹ̀rí àkọ́kọ́ yìí, ìgbélejìká ti wà nínú eré Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹranko ni wọ́n gbé. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni bí ó ti ṣe di pé obìnrin ni kámẹ́rà ń retí lórí èjìká, àti ohun tí ìyípadà náà mú bá obìnrin akin.

Èdè Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ nípa gbígbé nǹkan. Orí ni a fi ń ru ẹrù, ẹ̀yìn ni a fi ń pọn ọmọ. Ohun tí ó máa ń kọ́ èjìká ni ọkọ́, ìbọn, àpò ọdẹ, àti ẹran ìgbẹ́ tí ó ti kú. Ènìyàn tí ó ṣe àìsàn, ẹ̀yìn ni wọn yóò pọ̀n ọ́n sí. Ní ìlú àgbẹ̀ bí Ilé-Ogbó lẹ́bàá Ìwó, kò sí òǹwòran tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún. Ẹni tí a pọ̀n ṣì jẹ́ ènìyàn. Ó lè fi ọwọ́ di ẹni tí ó pọ̀n ọ́n mú. Ẹni tí a gbé kọ́ èjìká, tí orí rẹ̀ ń mì dirodiro lẹ́yìn, ti di ohun tí ọdẹ pa. Òótọ́ ni pé a máa ń sọ pé ọkùnrin gbé ìyàwó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ gbólóhùn náà tí ó rò pé ọkọ gbé e kúrò nílẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn Yorùbá kò mọ ìkónilẹ́rú. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹrú kì í gun èjìká. Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní ọdún 1821, kọ lẹ́tà ní ọdún 1837 nípa bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: okùn ni àwọn ajagun sọ sí ọrùn òun, ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ àti àwọn ará ìlú mìíràn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́, wọ́n sì kó wọn rìn lọ sí Ìsẹ́yìn. Ìrìn ni ìkónilẹ́rú, ẹsẹ̀ ẹrú fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ń rìn ín. Ọkùnrin tí ó bá gbé ènìyàn kan ṣoṣo lé èjìká kò ní lè kó ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ìran ìgbélejìká nínú fíìmù ń ṣe àfihàn ogun àtijọ́ kò tí ì ka ìtàn ogun náà.

Ìtàn Mọrèmi ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Samuel Johnson sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, ẹnu àwọn ará Ifẹ̀ kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn Ìgbò ń fi koríko àti ìko bo ara wá kó Ifẹ̀, àwọn ènìyàn sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọrèmi jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní odò Ẹsìnmìrìn, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ àwọn Ìgbò tẹ òun. Ó di aya ọba wọn, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà wálé, Ifẹ̀ sì fi iná ṣẹ́gun. Olúorogbo ọmọ rẹ̀ ni ó fi san ẹ̀jẹ́. Gbogbo agbára ìtàn yìí wà nínú gbólóhùn kan: ó jẹ́ kí ọwọ́ tẹ òun. Ìgbèkùn rẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀. Bí eré bá fi í hàn bí ẹni tí wọ́n kàn jí gbé, ìtàn mìíràn ni a ń wò.

Dúró Ládípọ̀ gbé Mọrèmi sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní ọdún 1966, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníjó láti Agbor ni ó fi ṣe àwọn Ìgbò. Ọgbọ́n ńlá ni. Ijó wọn yàtọ̀ sí ti Yorùbá, nítorí náà òǹwòran lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé àjèjì ni ó wọ ìlú. Ijó ni ó ru ẹ̀rù náà wọlé, kì í ṣe èjìká ẹnikẹ́ni. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a rántí nípa ẹgbẹ́ alárìnjò ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin jẹ́ ìyàwó ọ̀gá ẹgbẹ́. Hubert Ògúndé fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tirẹ̀ kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Abíọ́dún, tí ó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, jẹ́ aya Ládípọ̀. Òṣèré wo ni yóò gbé aya ọ̀gá rẹ̀ kọ́ èjìká ní ojú ìlú, tí yóò sì fi ọwọ́ di itan rẹ̀ mú? Bákan náà, ní ìlú kéékèèké tí ó wà láàárín oko, gbọ̀ngán ilé-ìwé tàbí àgbàlá ni ẹgbẹ́ sábà máa ń bá. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín ojú ìtàgé àti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Fífa obìnrin ní ọwọ́ jáde ti tó.

Ibòmíràn ni àwòrán obìnrin lórí èjìká ti dàgbà. Ní ọdún 1914, Pearl White ń bọ́ sínú ewu tuntun nínú ìpín kọ̀ọ̀kan fíìmù The Perils of Pauline. Ní ọdún 1941, William Moulton Marston dá Wonder Woman sílẹ̀ nínú ìwé àwòrán. Wọ́n ń dè é lókùn léraléra. Bí ọkùnrin bá so ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó máa ń já okùn náà. Lynda Carter ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1975 sí 1979. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì tẹ̀ lé e, àwọn olùṣe fídíò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí ewu nìkan jẹ́ kókó rẹ̀: obìnrin alágbára ṣubú, agbára rẹ̀ tán, ọ̀tá gbé e kọ́ èjìká lọ. Ìjáde kúrò nínú ìdè, tí Marston kà sí kókó ìtàn, di ohun tí a lè yọ kúrò.

Bí wọ́n ti ń ya ìran bẹ́ẹ̀ yẹ ní àgbéyẹ̀wò, nítorí irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìgẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń gé e sí: ìgbésókè, ìrìn, ìsọ̀kalẹ̀. Ìgbésókè ni ó le jù. Ẹni tí ó dákú lóòótọ́ ṣòro láti gbé ju ẹni tí ó wà lójúfò lọ, nítorí náà òṣèrébìnrin tí ó yẹ kí ó ti dákú ni ó ń fò díẹ̀ kí ìbàdí rẹ̀ lè dé èjìká, tàbí kí ó dúró lórí àpótí tí kámẹ́rà kò rí. Bí ó bá ti dé òkè, ó ní láti le ikùn, kí egungun èjìká má baà gún un, kí ó sì lè mí. Ẹ̀jẹ̀ ń sàn sí orí rẹ̀. Kò yẹ kí ìgẹ̀ kan pẹ́. Agbéni ń tẹ orúnkún, kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn, ó sì ń di ẹ̀yìn orúnkún obìnrin náà mú. Bí ọ̀nà bá jìn, ère tí wọ́n fi aṣọ ṣe ni wọ́n ń gbé. Ẹni tí ó dà bí òkú ẹran yìí, nígbà náà, ni ó ń ṣiṣẹ́ jù nínú àwòrán, iṣẹ́ rẹ̀ kan náà sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má rí i. Níbí ni òun àti Mọrèmi ti pàdé, níbí náà ni wọ́n sì ti pínyà. Àwọn méjèèjì fi ara wọn sílẹ̀ fún ìgbénilọ. Ìtàn Ifẹ̀ sọ fún òǹwòran pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kámẹ́rà bò ó.

Fíìmù Yorùbá, láti Àjàní Ògún ti ọdún 1976 títí dé fídíò ìparí àwọn ọdún 1980, kò sọ ìran yìí di ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ojú tì wọ́n lásán ṣì wọ́n gbọ́: inú ẹgbẹ́ alárìnjò ni ọ̀pọ̀ àwọn olùṣe fíìmù ìgbà náà ti jáde, wọ́n sì gbé ìlànà ilé wọn dání. Ọ̀nà mìíràn ni Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gbà nínú eré èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Morountodun, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1979. Títúbí ọmọ olówó wọ ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ̀tẹ̀ lè kó o lọ, kí òun bàa lè tú àṣírí wọn. Ọ̀ṣọ́fisan wá yí ìtàn Mọrèmi dà: ìrìn tí Títúbí bá àwọn àgbẹ̀ rìn ni ó yí i lọ́kàn padà. Ẹni tí a gbé kọ́ èjìká kò lè yí ọkàn padà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò rí ọ̀nà.

Ní ọdún 2016, Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ṣí ère Mọrèmi ní Ilé-Ifẹ̀, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Ní ọdún 2018, Bọ́láńlé Austen-Peters gbé eré olórin lórí rẹ̀ jáde ní Èkó. Ère náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò bá ya ìkólọ Mọrèmi sí fíìmù, tí ó sì fẹ́ lo èjìká dandan, yóò kọ́kọ́ pinnu ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí: iwájú agbéni, níbi tí ẹsẹ̀ obìnrin náà nìkan ti ń hàn, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ojú obìnrin náà ti là sílẹ̀, tí ó ń sàmì sí igi ojú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan.