Àdá Òkun: Lórí Orúkọ Ohun Ìjà Àwọn Adigunjalè Ojú Omi

Bí ohun kan bá wà tó ń bí mi nínú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ lóde òní, òun ni kí a gba orúkọ lọ́wọ́ ohun tó ti lórúkọ, kí a wá fi gbólóhùn gbọọrọ dípò rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo ka ìtàn kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, ìtàn àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jalè lórí òkun Kàríbíánì láàárín nǹkan bí ọdún 1650 sí 1725. Ọ̀gákọ̀ fò wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó fa ohun ìjà rẹ̀ yọ. Kí ni olùtumọ̀ kọ? "Irin ìjà kúkúrú títẹ̀ olójú kan." Bẹ́ẹ̀ ló sì ń tún un kọ níbi gbogbo tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ nínú ìwé náà. Èdè tí alágbẹ̀dẹ ń sọ, tí ọdẹ ń sọ, tí ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ àti ológun Ìbàdàn sọ, kì í ṣe èdè tó yẹ kó máa ṣagbe orúkọ irin. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ to àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, kí a mọ èyí tó ti dúró àti èyí tó yẹ ká jà lé lórí.

Orúkọ gbogbogbòò fún irú irin bẹ́ẹ̀ ni idà. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ilé idà ni àkọ̀. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú ni èèkù, òwe sì ti bá wa pa á mọ́: bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Apá tó mú ni ojú, apá tí kò mú ni ẹ̀yìn, ìparí rẹ̀ ni ṣóńṣó. Èyí tó mú lọ́tùn-ún lósì ni idà olójú méjì, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì wa ti pè é. Lórí ọkọ̀, a ní ìgbòkun, òpó, ìdákọ̀ró àti atukọ̀. Àgbá ni ìbọn ńlá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìbọn ìléwọ́ ni kékeré. Ẹ̀tù àti ọta kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tún ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ìwọ̀nyí ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ tó le: orúkọ ẹni tó ń jalè, orúkọ irin ọwọ́ rẹ̀, àti orúkọ irin kékeré tó bo ọwọ́ lára èèkù.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹni náà ṣáájú. Ajalèlókun ni àwọn ìwé ìròyìn ń lò. Kò sí ohun tó ṣe ọ̀rọ̀ náà ní ti gírámà: a, jalè, ní, òkun; ẹni tó ń jalè ní òkun. Ibi tí mo ti ń bá a jà ni ìtumọ̀. Olè lásán lójú Yorùbá a máa yọ́ wọlé ni. Kò fẹ́ kí onílé jí. Ẹni tó bá mú ohun ìjà dání, tó dojú kọ onílé ní gbangba, adigunjalè là ń pè é, ogun sì wà nínú orúkọ náà: a, di, ogun, ja, olè. Nínú àwọn méjèèjì yìí, èwo ni Bartholomew Roberts? Ará Wales ni. Nínú òfin tí òun àti àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí, ó di dandan kí olúkúlùkù jẹ́ kí ìbọn rẹ̀, ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ àti irin ìjà rẹ̀ wà ní mímọ́, kó ṣe é lò nígbàkúùgbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1722, ó kógun wọ èbúté Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, èbúté tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbà di ẹrú. Ó gba àwọn ọkọ̀ tó bá níbẹ̀, ó ní kí wọ́n san owó ìràpadà. Ọ̀gákọ̀ Porcupine kò san, ni wọ́n bá dáná sun ọkọ̀ náà pẹ̀lú àwọn ẹrú tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Swallow, tí Chaloner Ogle jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, pa Roberts nítòsí Cape Lopez ní Gabon. Cape Coast ní Gánà ni wọ́n ti dá ẹjọ́ àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún 52 nínú wọn. Ogun nìyẹn. Adigunjalè òkun ni mo fara mọ́.

Àwọn kan ń kọ ọlọ́ṣà òkun, ọ̀rọ̀ náà sì dára, nítorí ọlọ́ṣà náà kì í yọ́ wọlé. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àmì kékeré kan lè fà. Bí àmì abẹ́ ṣ bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, Ọlọ́sà ló kù, Ọlọ́sà sì ni òrìṣà tó ni ọ̀sà. Kò tọ́ kí àṣìṣe ìtẹ̀wé sọ òrìṣà di olè. Adigunjalè kò ní ewu yẹn.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn so mọ́ èyí. Àwọn kan wà tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti kọlu ọkọ̀ àwọn ọ̀tá ìlú. Henry Morgan gbàwé irú bẹ́ẹ̀ ní Jàmáíkà, ó kó ìlú Panama ní 1671, wọ́n sì tún fi oyè dá a lọ́lá ní 1674. Ajagun oníwèé ọba ni irú wọn. Ti èkejì ni mo gbà kí a yá: bọkaníà. Ọdẹ ni àwọn ènìyàn náà ní erékùṣù Hispaniola kí wọ́n tó di adigunjalè òkun. Wọ́n ń pa màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó, wọ́n ń yan ẹran wọn lórí àtẹ igi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè ní boucan, ibẹ̀ ni Faransé ti rí orúkọ wọn. A lè ṣẹ̀dá ayanran, a, yan, ẹran, kó sì bá gírámà mu pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹni tó ń ta ẹran yíyan lójú títì ni. Ibi tí orúkọ bá ti jẹ́ ti àwọn ènìyàn kan nínú ìtàn, kí a yá a, kí a fi àmì ohùn sí i, kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Ìjà mi kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àyálò. Ìjà mi ni pé kí a má yá ohun tó wà nílé.

Ó wá ku irin ọwọ́ wọn. Irin fífẹ̀ ni, kò gùn púpọ̀, ojú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ó tẹ̀ díẹ̀, irin sì bo ọwọ́ lára èèkù. Ìdí tó fi kúrú hàn kedere. Okùn ló kún orí ọkọ̀ láti òpó dé òpó, àjà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹlẹ̀, ènìyàn sì há mọ́ra. Ẹni tó bá ju idà gígùn níbẹ̀, okùn ni yóò há a mọ́. Ìbọn ìgbà náà kì í yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó tún kì í, bí omi bá sì kan ẹ̀tù, ó parí. Irin yìí ló kù. Òun kan náà ni wọ́n fi ń gé okùn, tí wọ́n fi ń la pákó ilẹ̀kùn.

Orúkọ mẹ́rin ló ń du ipò: kọ́tíláàsì, idà kúkúrú, agẹdẹńgbé àti àdá. Àdá ni mo fọwọ́ sí, mo sì ní ìdí.

Ìdí kìíní wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe wa. Yorùbá kì í da iṣẹ́ irin pọ̀ mọ́ra wọn. Ṣóńṣó ni a fi ń gún. Ojú ni a fi ń ṣá. A ń bẹ́ orí, a ń gé okùn, a ń la igi. Nígbà tí Robert Maynard àti àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pa adigunjalè òkun Edward Teach, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Blackbeard, ní Ocracoke ní ìpínlẹ̀ North Carolina lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1718, Maynard fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọta márùn-ún ló wà lára Teach kó tó ṣubú, ojú ọgbẹ́ irin sì jẹ́ ogún. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé wọ́n gún un ní ogún ojú. Wọ́n ṣá a ni. Bí a bá sì gbọ́ pé wọ́n ṣá ènìyàn, àdá ló ń sọ sí wa lọ́kàn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Gún náà ní ipò tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá a máa gbé idà tẹ́ẹ́rẹ́ aláràbarà kọ́ ìbàdí. Nínú òkú ọkọ̀ Blackbeard, Queen Anne's Revenge, tí wọ́n rí ní 1996, wọ́n kó apá kan lára èèkù idà jáde, wúrà wà lára rẹ̀. Irú ìyẹn ni kí a pè ní idà ìgún. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ti ya irin méjì sọ́tọ̀ láìsí wàhálà kankan.

Ìdí kejì wà nínú ìtàn orúkọ cutlass lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Látìnì ní culter, ọ̀bẹ. Ó sọ ọ́ di kékeré, ó di cultellus. Faransé gba ìyẹn, ó di coutel, ó tún fi àfòmọ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá sí i, ó di coutelas: ọ̀bẹ gbàǹgbà. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ coutelas, ó yí i sí cutlass. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò síbi tí idà ti wọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ tó dàgbà ni, kì í ṣe idà tó kúrú. Nítorí náà ni idà kúkúrú fi ṣì í: ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdílé tí kì í ṣe ti ohun náà. Lédè wa, kí ni ọ̀bẹ tó dàgbà, tó ní ojú kan àti ẹ̀yìn nínípọn? Àdá ni.

Ẹlẹ́rìí kẹta mi dúró níwájú ilé ẹjọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1720, wọ́n gbé Anne Bonny àti Mary Read, obìnrin adigunjalè òkun méjì, wá sí kóòtù ní Jàmáíkà. Obìnrin kan, Dorothy Thomas, tí ọkọ̀ wọn dá lọ́nà nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, jẹ́rìí pé àwọn méjèèjì wọ aṣọ ọkùnrin, wọ́n so gèlè mọ́rí, àti pé ìbọn ìléwọ́ àti machete wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ Sípéènì ni machete, ohun tó sì ń pè ni irin tí wọ́n fi ń ṣán igbó, tí wọ́n fi ń gé ìrèké: àdá nìyẹn. Ẹni tí wọ́n yọ irin sí lójú ara rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti kọ́tíláàsì, ilé wa ló ti pa á. Ọmọ ilé ìwé wo ni wọn kò tíì sọ fún ní Nàìjíríà pé kó mú cutlass wá, tí ìyá rẹ̀ kò sì lọ ra àdá fún un lọ́jà? Olùtumọ̀ tó bá kọ kọ́tíláàsì sínú ìwé Yorùbá, àdá náà ni òǹkàwé yóò rí. Kí ló dé tí a ó fi gba ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù lọ sí oko baba ẹni?

Agẹdẹńgbé ń kọ́? Irin jagunjagun ni, ó gùn, ó wúwo. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ fún idà títẹ̀ gígùn tí àwọn ẹlẹ́ṣin ogun ilẹ̀ Yúróòpù ń lò. Ibẹ̀ ló ti bá a mu jù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ: irin àgbẹ̀ ni àdá, kò níyì tó fún ìtàn ogun. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ògún ló ni ti àgbẹ̀, òun ló ni ti ọdẹ, òun ló ni ti ológun. Ní Kúbà, lórí òkun Kàríbíánì yẹn gan-an, àdá ni àwọn ọmọ Lukumí, ìran Yorùbá ibẹ̀, gbé lé Ògún lọ́wọ́ títí dòní. Ọdẹ sì ni àwọn bọkaníà kí wọ́n tó di ọ̀bàyéjẹ́. Àwọn mìíràn ní òǹkàwé yóò rí èèkù onígi lásán lọ́kàn. Mo gbà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ àdá òkun. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà náà nìyẹn. Inú omi ni ọkọ̀ wà láyé àtijọ́; lónìí a ní ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfurufú, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì wọ́n gbọ́. Orí ọ̀rọ̀ dúró, ẹ̀yán ń ṣiṣẹ́. Àdá òkun, àdá oko: ẹ̀yán kan ṣoṣo ti parí ìjà.

Èyí tó kù ni irin tó bo ọwọ́ lára èèkù. Ìbọ̀wọ́ kò lè ṣe é, nítorí aṣọ ọwọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ààbò ọwọ́ fẹ̀ jù, ohunkóhun ló lè jẹ́. Ẹ̀ṣọ́, ènìyàn ni. Mo mú asà, nítorí iṣẹ́ asà ló ń ṣe: irin tó dúró láàárín ara àti ohun ìjà ọ̀tá. Asà èèkù, ó parí. Pẹ̀lú rẹ̀ a lè sọ pé asà èèkù àdá òkun tí ilé iṣẹ́ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú jáde ní 1804 jẹ́ irin róbótó méjì tó so mọ́ra. Àwọn atukọ̀ Faransé ìgbà náà, nígbà tí wọ́n rí asà èèkù tiwọn bó ṣe kó wọnú, ṣíbí ìbuọbẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Ẹ rí i pé àwọn tó ń lò ó kò wá ọ̀rọ̀ ńlá. Ilé ìdáná ni wọ́n ti mú u.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùtumọ̀, ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Kí ẹ tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún irin, ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ àdúgbò yín, ẹ bi í léèrè ohun tó ń pe apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ní in, ẹ fi ẹ̀yán sí èyí tó ní. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá yá. Adigunjalè òkun, ajagun oníwèé ọba, bọkaníà, idà ìgún, àdá òkun, asà èèkù: ẹ lò wọ́n, ẹ kọ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ẹ sì gbé wọn dé inú ìwé tí àwọn ọmọ wa yóò kà.