Ìrànwọ́ ìjọba tó ń pa orúkọ dà: ìtàn oko wa láti Pọbẹ̀ dé Kétu

Àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ń bi wá léèrè ibi tí wọ́n máa lọ bí wọ́n bá ń wá irúgbìn tó dáa tàbí ìrànwọ́ láti gbin igi. Bí wọ́n bá sì bi àwọn bàbá wọn, wọ́n á ní kí wọ́n jìnnà sí àwọn ará ìjọba. Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá yìí nídìí.

Òfin igbó tí Faransé ṣe ní 4 July 1935 ló kọ́kọ́ dé. Igbó tí ìjọba bá ti fa ààlà sí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dáko níbẹ̀ mọ́. Bí igbó Dogo àti ti Kétu ṣe di igbó ìjọba nìyẹn. Ohun tí wọ́n pè ní ìdáàbòbò, ìyà owó ìtanràn ni lójú ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣọdẹ níbẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, ó tún kan ilẹ̀ ọ̀pẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1961, òfin jáde pé bí ìjọba bá yan ilẹ̀ kan fún ọ̀pẹ, gbogbo onílẹ̀ tó wà nínú ààlà náà gbọ́dọ̀ wọ kopératíìfù, ó wù wọ́n o, kò wù wọ́n o. Wọ́n kọ ìpín onílẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n kọ ti òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀. SONADER ló darí rẹ̀, ní Hinvi, ní Agonvy. Onílẹ̀ ṣì ń jẹ́ onílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lo ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú mọ́. Ká sọ tòótọ́, ọ̀pẹ náà dára! Ibùdó ìwádìí Pọbẹ̀, tó wà láti 1922, ló ń ṣe irúgbìn tó ń tètè so, tí ẹran èso rẹ̀ pọ̀. Irúgbìn kọ́ ni wọ́n kọ̀, ọ̀nà tó gbà wọlé ni.

Lẹ́yìn náà ni CARDER, tí àwọn àgbà mọ̀ jù lọ, nítorí ajílẹ̀ òwú. CARDER di CeRPA, orúkọ CARDER tún padà wá, kí gbogbo rẹ̀ tó di ATDA láti 2016. Ṣé ẹ rí i pé ó lè rú ènìyàn lójú?

Lónìí, Kétu, Pọbẹ̀, Ṣakété, Ìfàńyìn àti Àjà-Wẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ ATDA kẹfà. Ṣábẹ̀ wà lábẹ́ ìkẹrin. Ti igi àti igbó, ọ̀dọ̀ àwọn Eaux et Forêts ni. Òfin 93-009 ti 2 July 1993 fi àyè sílẹ̀ kí àwọn ará abúlé lọ́wọ́ nínú ìtọ́jú igbó ìjọba, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba igi kankan gbìn, ẹ wá ìwé ilẹ̀ yín ná. Òfin ilẹ̀ 2013 mọ ilẹ̀ ìdílé, ó sì ní ìwé kan fún un, attestation de détention coutumière. Ọ̀dọ̀ SVGF abúlé yín ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà dání.