Ta Ló Ń San Ìyókù? Ìtàn Ṣọ́ọ̀bù Olówó Pọ́ọ́kú ní Erékùṣù Síńgápọ̀

Bí owó ilé bá wọ́n jù ní ìlú tó wà láàárín ọ̀dàn, oníṣẹ́ ọwọ́ á kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn odi. Ní Síńgápọ̀, bó bá rìn díẹ̀, òkun ló máa bá. Níbo wá ni ẹni tó ní ẹ̀rọ kan àti ọmọṣẹ́ méjì máa jókòó sí, tí owó ilé kò fi ní jẹ èrè rẹ̀ tán? Ìdáhùn yí padà láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí owó ilé bá ti rọjú, ẹnì kan wà níbì kan tó ń san ìyókù.

Nínú ètò ìlú tí Stamford Raffles, òyìnbó tó dá ibùdó òwò Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ níbẹ̀, gbé kalẹ̀ ní 1822, ó pàṣẹ pé kí ilé tó bá kọjú sí títì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ òrùlé níwájú. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ gbé gbilẹ̀: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ìdílé lókè, télọ̀ àti onígbàjámọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òfin 1947 so owó ilé mọ́ iye tí wọ́n ń san ní 1939. Ayálégbé yọ̀, ó tún gbé yàrá fún ayálégbé mìíràn. Onílé ló ń san ìyókù, ó sì fi òrùlé tó ń jò gbẹ̀san. Ọdún 2001 ni wọ́n tó fa òfin náà ya pátápátá.

Àwọn tí kò ríbi gbà láàárín ìlú lọ sí àwọn abúlé onípákó ní etí ìlú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1961, iná jó Bukit Ho Swee, bíi 16,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Ibi tí wọ́n ń la pákó, ilé ìkẹ́rùsí àti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe jóná mọ́ ilé wọn.

Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba dá àjọ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé sílẹ̀, tí Goh Keng Swee, mínísítà ètò ìnáwó, sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkè, ó ń fi dí àbàtà ní Jurong. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwà òmùgọ̀ Goh nìyẹn. Jurong ni àwọn òpìtàn fẹ́ràn láti ròyìn rẹ̀, èmi kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó ń rán bàtà fẹ́ fi ilẹ̀ tó gba ilé iṣẹ́ irin ṣe?

Ti oníṣẹ́ kékeré ni ilé-iṣẹ́ alájà, ilé gíga tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń pín yàrá inú rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ní Tanglin Halt àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ìjọba kọ́ ògiri, ó fi lífìtì ẹrù sí i, ó ṣe ibi tí lọ́rì máa já ẹrù sí, gbogbo ayálégbé sì jọ ń lò ó. Ẹni tó gba yàrá kan kò ní láti fi owó tó yẹ kó fi ra ẹ̀rọ ra bíríkì. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn sí tòsí ilé tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù, kí ìyá ọlọ́mọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. Fún mẹkáníìkì, wẹ́dà àti káfíńtà tí wọ́n kó kúrò ní abúlé, àjọ ilé gbígbé ti ìjọba kọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní 1968, wọ́n dá àjọ JTC sílẹ̀ láti máa bójú tó ilẹ̀ àti ilé iṣẹ́.

Ilẹ̀ yẹn, ibo ló ti wá? Òfin 1966 fún ìjọba lágbára láti gba ilẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe pé owó gbà-má-bínú kò gbọdọ̀ ju iye tí ilẹ̀ náà tó ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1973, bí owó ilẹ̀ tilẹ̀ fò dé ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n padà sí iye ọjà gan-an. Mo gbà pé ètò náà ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń yìn ín kó rántí àwọn àgbẹ̀ àti onílẹ̀ tí ilẹ̀ wọn wọ inú rẹ̀.

Ní 2008, JTC ta ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ alájà rẹ̀ fún Mapletree, ilé iṣẹ́ tó ń fi ilé dókòwò, ní bílíọ̀nù 1.71 dọ́là Síńgápọ̀. Ní 2010, wọ́n gbé e lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò. Láàárín ọdún díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ariwo owó ilé gba ẹnu àwọn oníṣẹ́ kékeré. Àwọn olówó ń ra yàrá iṣẹ́ tí wọn kò ní lò, wọ́n ń tà á kíákíá. Ní oṣù Kìíní 2013, ìjọba ní kí ẹni tó bá tà láàárín ọdún kan san ìdá 15 nínú 100 iye rẹ̀. JTC tún padà sí ilé kíkọ́. Ní 2018, ó gba yàrá iṣẹ́ tó ju 10,000 lọ lọ́wọ́ àjọ ilé gbígbé. Ó tún kọ́ ilé alájà ní àdúgbò iṣẹ́ Defu, tí lọ́rì lè gùn dé òkè, fún àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni ìpinnu kan ní 2012: ilẹ̀ iṣẹ́ tí ìjọba ń tà, tí àdéhùn rẹ̀ máa ń jẹ́ ọgọ́ta ọdún, di ti ọgbọ̀n ọdún. Owó rẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́. Ẹni ọdún márùndínlógójì tó rà á yóò dá a padà fún ìjọba ní ọdún márùndínláàádọ́rin, ọmọ rẹ̀ tó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ náà lọ yóò sì tún wá ibòmíràn lọ.