Ta Ló Gbé Ọmọ Dání? Ìtàn Ọ̀já, Itan Ìyá àti Àga Ọmọ Inú Mọ́tò

  

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn lónìí. Tí ọmọ ọwọ́ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ta ló gbé e dání? Ẹ lè sọ pé, "Ìyá rẹ̀ ni, àbí ta tún ni?" Ẹ ò jayò pa. Ṣùgbọ́n láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ìdáhùn yẹn ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ti bá a lọ, nítorí pé ayé yí, àwọn àgbà ò sì tètè fura.

Nígbà tí ẹsẹ̀ jẹ́ mọ́tò

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ẹni tó bá kúrò ní Ìbàdàn tó ń lọ sí Èkó, ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi rìn. Àwọn oníṣòwò kì í dá rìn. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n ń lọ: aláàárù ru ẹrù, obìnrin gbé igbá lérí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi ni wọ́n ń pè ní ibùsọ̀, ọ̀rọ̀ náà la sì ń lò títí di òní tí a bá ń sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á dáná, wọ́n á tẹ́ ẹní, ọmọ á sùn. Pípàgọ́ sínú igbó tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó fún lónìí, kí wọ́n lè ya fọ́tò sí Instagram, ìgbésí ayé àwọn ìyá ńlá wa ni.

Gbogbo ẹrù ìrìn àjò ọmọ nígbà náà, ọ̀já ni. Ẹ má fojú kéré aṣọ yẹn o. Ẹni tó mọ ọmọ pọ̀n á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á gbé ọmọ sẹ́yìn, á fi ìró wé e, á wá fi ọ̀já dè é lábẹ́ ìdí. Ẹsẹ̀ ọmọ á là sọ́tùn-ún sósì, ìwúwo rẹ̀ á bọ́ sórí ìbàdí ìyá. Ọwọ́ ìyá méjèèjì á ṣófo, á lè gbé ẹrù, á lè ná ọjà, á lè gúnyán. Ọmọ á fi etí ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, á máa gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ pé ọmọ tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó tẹ̀síwájú. Ìyá tó pọn ọmọ, tó sì ń fẹsẹ̀ rìn, eré rẹ̀ kì í ju kìlómítà 5 lọ ní wákàtí kan. Tó bá kọsẹ̀, ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀, ọmọ á ṣì wà lókè. Fún irú eré yẹn, ọ̀já tó. Ó tó gan-an ni.

Láti ẹ̀yìn bọ́ sórí itan

Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn. Nígbà tó yá, lọ́rì dé, pàápàá bọ̀lẹ́kájà, tó jẹ́ pé pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, pákó náà sì ni èrò ń jókòó lé. Níbẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè wa ti kọ́kọ́ yí padà. Ìyá tó jókòó sínú ọkọ̀ ò lè fi ọmọ ẹ̀yìn ti pákó. Ó gbọ́dọ̀ tú ọ̀já, kó fa ọmọ bọ́ síwájú, kó gbé e lé itan. Lójú, nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀já tó ń di ọmọ mú ti kúrò níbẹ̀, apá lásán ló kù.

Eré ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, apá ìyá ò sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níhìn-ín. Ìjàpá gba ìgboro, Peugeot 504 gba gáréèjì. Ní 1978, wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Ọ̀nà tí àwọn ìyá ńlá wa fi ọjọ́ mélòó kan rìn di ọ̀nà wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Ìyá mi sọ fún mi pé inú Peugeot 504 ni òun gbé mi sí nígbà tí òun ń mú mi lọ han àwọn ará ilé ní Iléṣà. Èrò kún inú ọkọ̀ fọ́fọ́, mo wà lórí itan rẹ̀ láti gáréèjì dé gáréèjì. Mo bi í pé kí ló dì mí mú. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní, "Èmi náà ni. Mo dì ẹ́ mú gbọingbọin."

Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan tí a kọ́ nílé ìwé. Ká ní ọkọ̀ kan ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, eré àárín ìlú lásán, tó wá kọlu nǹkan, tó sì dúró láàárín ààbọ̀ mítà. Gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn á fẹ́ máa lọ síwájú, agbára tí ẹ máa fi dá a dúró á tó nǹkan bí ìlọ́po 20 ìwúwo rẹ̀. Ọmọ oṣù díẹ̀ tó wọn kílò 5 á fa apá ìyá rẹ̀ bí ẹrù 100 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì méjì nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ á sì ṣẹlẹ̀ kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé, kí ìyá tó lè pariwo "Jésù" tàbí "Yéè." Eré kìlómítà 50 la ṣì ń sọ o. Ní 100, agbára ìkọlù yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin.

Kò sí ìfẹ́ ìyá tó lè gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì tó ń fò. Ọ̀rọ̀ iṣan àti egungun ni.

Àwọn òyìnbó náà ò tètè mọ̀

Ẹnikẹ́ni má rò pé inú ọgbọ́n ni wọ́n bí àwọn tó ṣe mọ́tò sí. Ní 1915, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí mọ́tò wọ ọgbà ńlá Yellowstone, àwọn ìdílé sì ń kó àgọ́, ìkòkò àti ọmọ sínú ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Àga ọmọ tí wọ́n ń tà ní àwọn ọdún 1930 sí 1950, aṣọ líle àti irin tí wọ́n ń fi kọ́ sára ìjókòó ni. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí ọmọ lè ríran gba ojú fèrèsé, kó má sì yọ awakọ̀ lẹ́nu. Wọ́n fi ìtọ́kọ̀ ìṣeré sára àwọn mìíràn. Tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ọmọ àti àga náà á jọ fò lọ ni.

Ọdún 1962 ni ọ̀rọ̀ yí. Leonard Rivkin ní ìlú Denver, ní Amẹ́ríkà, àti Jean Ames ní Bìrìtìkó, oníkálukú ṣe àga tí wọ́n dìídì pète láti dáàbò bo ọmọ nígbà ìjàǹbá. Ní 1964, Bertil Aldman ní ilẹ̀ Sweden ṣe tirẹ̀. Ó ti rí bí àwọn tó ń lọ sí òfuurufú ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ kí agbára ìgbéra ọkọ̀ wọn lè tàn káàkiri ẹ̀yìn wọn. Ó wá yí ojú ọmọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Orí ọmọ ọwọ́ tóbi, ó wúwo, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀. Tó bá kọjú sí iwájú, orí á já síwájú, ọrùn ni yóò jìyà rẹ̀. Tó bá kọ̀yìn sí iwájú, àga náà á gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ní ọdún 1960 sí nǹkan kan yẹn gan-an, nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, ń ṣiṣẹ́ ní Tógò pẹ̀lú Peace Corps, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà ń rán sí òkèèrè. Tógò ò jìnnà sí wa. Ẹ ré kọjá Bẹ̀nẹ̀, ẹ ti débẹ̀. Ó rí bí àwọn obìnrin ṣe ń pọn ọmọ, ó sì rí i pé ara àwọn ọmọ náà balẹ̀. Nígbà tó padà sí Colorado tó bímọ, ó fẹ́ pọn ọmọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ń tú. Ó ní kí ìyá òun, Lucy Aukerman, bá òun rán nǹkan tí kò ní í tú. Ìyá àgbà rán an, wọ́n sọ ọ́ ní Snugli, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí rẹ̀ ní 1969. Àwọn òbí tó ń gun òkè, tó ń pàgọ́ sínú igbó, rà á.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí àpò ìgbọ́mọ olówó gọbọi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lẹkí, ẹ kí i dáadáa. Mọ̀lẹ́bí ọ̀já ni, ìlú òyìnbó ló lọ, ló bá gba orúkọ tuntun bọ̀.

Agbègbè Denver kan náà, láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà: ẹnì kan ń sọ ọ̀nà tí a fi ń gbé ọmọ lórí ẹsẹ̀ di ọjà, ẹnì kan ń wá ọ̀nà tí a fi máa gbé ọmọ lórí táyà. Wọ́n gba ti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ti táyà ni àwa ò tíì gbà dáadáa.

Ìjà lórí apá ìyá

Àwọn náà jà kí wọ́n tó gbà. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee, dókítà ọmọdé kan, Robert Sanders, sú àwọn aṣòfin débi pé ní 1977 wọ́n ṣe òfin pé àga ló yẹ kí òbí fi gbé ọmọ kékeré nínú ọkọ̀. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1978, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ti ki gbólóhùn kan bọ̀ ọ́: òfin ò mú ọmọ tí àgbàlagbà bá gbé dání. Ọ̀rọ̀ ìyá mi gẹ́lẹ́, wọ́n kàn fi òǹtẹ̀ ìjọba lù ú ni.

Sanders sọ gbólóhùn yẹn ní òfin arunmọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ìyá tí kò de bẹ́líìtì á fò síwájú tòun tọmọ, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á sì tẹ ọmọ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Apá tó gbé ọmọ láti dáàbò bò ó ló máa pa á. Wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò ní 1981. Nígbà tó fi di 1985, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ní òfin àga ọmọ. Ẹ rántí pé 1978 náà la ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún tí òfin tuntun ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́hùn-ún ni àwa ń gba ọ̀nà tuntun tí a ó máa sáré lórí rẹ̀.

Àwa ńkọ́?

A dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wa ti ń de bẹ́líìtì báyìí, pàápàá tí a bá rí ẹ̀ṣọ́ lókèèrè. Àmọ́ ẹ wo iwájú mọ́tò tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú: bàbá de bẹ́líìtì, ìyá dè é, ọmọ wà lórí itan.

Mo mọ̀ pé danfo ò ní bẹ́líìtì, mo sì mọ̀ pé owó ò sí nílùú. Ẹni tó bá wọ danfo, kó má gbé ọmọ jókòó síwájú. Ẹni tó bá dè bẹ́líìtì, kó má de ọmọ mọ́ra nínú bẹ́líìtì kan náà, nítorí òfin arunmọ lẹ ń tún ṣe yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní mọ́tò, ẹ wá nǹkan kan fún mi. Láti September 2002 ni Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo mọ́tò ilé tuntun ní irin tí a ń fi àga ọmọ kọ́. Ọ̀pọ̀ Tọ́kùnbọ̀ tó ń wọlé láti ibẹ̀ ló ní in. Ẹ ti ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín ibi tí a ń jókòó lé àti ibi tí a ń fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ lè bá irin róbótó kékeré méjì níbẹ̀. Ó ti lè máa dúró de ọmọ yín láti ọdún mélòó kan. Tó bá jẹ́ àga Tọ́kùnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè bóyá ó ti wà nínú ìjàǹbá rí, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́ sí iwájú ọkọ̀, kí ẹ má sì gbé irú àga bẹ́ẹ̀ síwájú ibi tí báàgì afẹ́fẹ́ ti lè bẹ́ jáde.

Ìyá ọkọ lè ní, "Ẹ̀ ń so ọmọ mi mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́?" Ẹ má bá màmá jà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, nígbà tí ẹ̀ ń pọn ọmọ yín, ṣé ẹ kì í dè é ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀já tó bá dẹ̀, ọmọ á já bọ́. Àga yìí náà, ọ̀já ni. Eré tó yàtọ̀ ló jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ yàtọ̀.

Ibi tí a dúró sí lónìí nìyẹn. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó sì ń múra àtilọ ṣe ìkómọ ní ìlú mìíràn, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó tó gbéra. Ọ̀nà á là o. Ó dìgbà kan ná.